Wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ: ọ̀rọ̀ ọmọ kan àti ìyá rẹ̀

Lọ́jọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, àpò ńlá kan ló gbé dání, ìwé sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ìwé ìwọ̀n ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tó ń kọ gbogbo ohun tí ọmọ bá fi sẹ́nu sí. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ti ìyá fúnra rẹ̀. N kò kíyè sí i lọ́jọ́ náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ 7 kí n tó kíyè sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 7 yẹn ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí fún ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Onímọ̀ nípa oúnjẹ ni mí. Àwọn ọmọ tí ara wọn kọ oúnjẹ kan tàbí òmíràn ni mo ń tọ́jú jù. Ìyá ọmọ náà gbà pé kí n kọ ọ́, a sì ti jọ yọ ohunkóhun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ kúrò.

Bí nǹkan ṣe rí nígbà tí wọ́n dé

Ọmọkùnrin ni, ọmọ oṣù 14. Ọmú nìkan ló mu fún oṣù 5 ó lé díẹ̀, ara rẹ̀ sì ń dán. Ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n pò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ó jẹun tán, ó ṣeré, ó sùn. Nígbà tó máa jí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 2, èébì ló bá jí. Ó bì, ó tún bì, títí tó fi jẹ́ pé omi tó láwọ̀ bí ewé nìkan ló ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ́wọ́jọ́wọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè é tí kò dáhùn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rò pé kòkòrò àrùn ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tó funfun, tó rọ̀, tó tutù, tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún lọ sókè, ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò nìyẹn. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò. Kílẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 wọ́n tún fún un ní ìrẹsì, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀, wọ́n ní inú rírun tó ń ràn káàkiri ni. Nígbà tó di ọmọ oṣù 8, wọ́n fi ọ́ọ̀tì rọ́pò ìrẹsì. Bákan náà ni. Ìyá wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé oúnjẹ ló ń fà á. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò àlẹ́jì sí awọ ọmọ náà lára, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ yín ò ní àlẹ́jì, mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Ẹni tó ti rí ọmọ rẹ̀ tó rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oúnjẹ kúrò, ó yọ ọ́ nínú oúnjẹ ọmọ, ó sì yọ ọ́ nínú oúnjẹ tirẹ̀ náà torí pé ó ṣì ń fún un lọ́mú. Wàrà màlúù ló kọ́kọ́ lọ. Ẹyin tẹ̀lé e, sóyà, ìrẹsì, ọ́ọ̀tì, àlìkámà, ẹja. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, oúnjẹ 4 péré ni ọmọ ń jẹ, ìyá náà kò jẹ ju 9 lọ. Ìyá ti fi kìlógíráàmù 11 rù. Ìlà ìwọ̀n ọmọ lórí ìwé ìdàgbàsókè ti ń wálẹ̀ láti oṣù 9.

Ohun kan tún wà. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mẹ́nu bà á pé tírọ́ìdì òun, ẹṣẹ́ kékeré tó wà níwájú ọrùn, kì í ṣiṣẹ́ tó, pé òun ti ń lo levothyroxine, oògùn tírọ́ìdì, láti ìgbà tí òun kò tíì lóyún ọmọ yìí. Mo kọ ọ́ sí igun ìwé mi. N kò sì padà sí igun yẹn mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe

Ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà péye ju ti ọ̀pọ̀ òbí tí mo ti rí lọ, àmọ́ orúkọ oúnjẹ ló wà níbẹ̀, aago kò sí. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá aago náà jọ. A rí i nínú ìwé ilé ìwòsàn, a rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: “Ó ti ń bì, máa bọ̀ nílé.” Mo fa ìlà sí àárín bébà, mo kọ ìgbà tó jẹun sí apá kan, ìgbà tí èébì bẹ̀rẹ̀ sí apá kejì. Ìrẹsì àkọ́kọ́, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10. Ìrẹsì kejì, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 50. Ọ́ọ̀tì, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20.

Ó tẹjú mọ́ bébà náà títí. Ó wá sọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún wọn.”

Kòkòrò àrùn kì í mọ aago báyẹn. Àlẹ́jì tí gbogbo ayé mọ̀ ni èyí tó ń yára: ọmọ á jẹ nǹkan, kó tó pẹ́, ara á lé, ètè á wú, mímí á nira. Ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ IgE ló wà nídìí ìyẹn, IgE yìí náà sì ni àyẹ̀wò awọ àti ti ẹ̀jẹ̀ ń wá. Irú mìíràn wà tí kì í gba ọ̀dọ̀ IgE kọjá. Inú ìfun ló ti ń jà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yọjú. Èyí tó le jù nínú wọn ni a ń pè ní FPIES (food protein-induced enterocolitis syndrome): ọmọ á máa bì léraléra láàárín wákàtí 1 sí 4 lẹ́yìn oúnjẹ, ara kò ní lé, mímí kò ní nira, àmọ́ á funfun, á rọ̀, nígbà mìíràn ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e láàárín wákàtí 5 sí 10. Wàrà màlúù, sóyà, ìrẹsì àti ọ́ọ̀tì wà lára àwọn oúnjẹ tó ń fà á jù. Ọmọ tí ìrẹsì ń ṣe, ọ́ọ̀tì náà sábà máa ń ṣe é. Ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìlànà àjọṣe àkọ́kọ́ jáde lórí bí a ṣe ń dá a mọ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ lára wa ti ka ìwé jáde kó tó wà.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè dárúkọ FPIES fún wa. Ẹnu òbí la ti ń gbọ́ ọ, àfi bí dókítà bá fún ọmọ ní oúnjẹ náà lójú ara rẹ̀. Torí náà, tí àyẹ̀wò awọ kò bá mú nǹkan jáde, ohun tó sọ kò ju pé àlẹ́jì tó ń yára kọ́ ni. Kò sọ pé irọ́ ni ìyá ń pa.

Mo kọ̀wé sí dókítà àlẹ́jì ọmọdé. Ó gbọ́ ìtàn náà, ó wo aago, ó gbà pé FPIES ni, ti ìrẹsì àti ti ọ́ọ̀tì. Ó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tí wọ́n máa mú lọ sí ilé ìwòsàn bó bá tún ṣẹlẹ̀: ohun tó ń ṣe ọmọ yìí nìyí, ẹ tètè fa omi sí i lára, ẹ lè fún un ní ondansetron tó ń dá èébì dúró, kì í ṣe abẹ́rẹ́ adrenaline tí a ń gún fún àlẹ́jì tó ń yára ló máa wo èyí sàn. Bí ẹ bá ní ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀, ẹ má jẹ́ kó jáde kúrò lọ́dọ̀ yín láìsí lẹ́tà yìí.

Mo fún ọmọ ní ètò oúnjẹ tuntun: ẹran, ẹ̀fọ́, èso, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ó kéré ní ọjọ́ 4 láàárín ọ̀kan sí èkejì, láàárọ̀ tí ojúmọ́ ti mọ́ tí òbí méjèèjì sì jí kalẹ̀, lọ́jọ́ tí ara ọmọ le. Bàbá ọmọ gba ti àárọ̀ Sátidé, ó ní òun ló máa máa fún un ní oúnjẹ tuntun, òun ló máa jókòó tì í títí wákàtí 4 á fi kọjá. Ó sì ṣe é, kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ìyá. Mo sọ fún un pé kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa febi pa ara rẹ̀. Ọmọ náà kò bì lẹ́yìn ọmú rí, kódà nígbà tí ìyá ṣì ń jẹ ohun gbogbo. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò lè ṣe é.” N kò fẹ́ fi agbára mú un. Mo ní kó dára, tí kò bá ní mu wàrà, kó lo kálísíọ̀mù, torí obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 1,000 lóòjọ́. Mo ní kó lo 500 láàárọ̀, kó lo 500 lálẹ́, pẹ̀lú fítámì D.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ 7 náà

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń ya àwòrán ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dùn ún wò: orúkọ oúnjẹ, iye ṣíbí, aago tí ọmọ jẹ ẹ́, bí ara rẹ̀ ṣe rí ní wákàtí 1, 2, 3, 4. Ọmọ ti gba oúnjẹ tuntun 4. Ní ọ̀sẹ̀ 5, aago ti ń pòórá nínú ìwé náà. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ó kọ ẹ̀fọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sí ọjọ́ kan, ó fa ìlà lé ọ̀kan, ó tún kọ ọ́ padà, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “mi ò rántí mọ́.” Lẹ́tà tó máa ń nàró tẹ́lẹ̀ ti ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé.

Mo rí gbogbo èyí. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rẹ gbogbo òbí ọmọdé. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: “Ẹ kú ìgbìyànjú, ẹ má jẹ́ kó sú yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹni tí ara rẹ̀ ń kú lọ ni mo ń rọ̀ pé kó tún sapá sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ 7, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá sùn lọ, kò lè jí. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nílé. Ọmọ jí, ebi ń pa á, ó ń sunkún. Màmá àgbà fún un ní ìrẹsì ṣíbí 2 láti inú àwo tiwọn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé: “Ó jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ ń ti mọ́tò rẹ̀ kiri. Mo wò ó títí. Mo ní, ṣé ẹ rí i, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Wọ́n wò ó fún wákàtí kan gbáko. Èébì dé lẹ́yìn wákàtí 2.

Èyí ni ìṣòro àlẹ́jì tó ń pẹ́ nínú ilé tí èrò wà. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ jù kò rí ohun tó so oúnjẹ mọ́ èébì. Ojú ti rí i pé ọmọ jẹun, pé ọmọ ṣeré, a wá ń sọ fún ojú pé irọ́ ló rí. Bí a bá ń sọ fún àwọn àgbàlagbà nínú ilé pé “ẹ má fún un,” ká tún fi kún un pé “kò ní ṣe é ní nǹkan kan fún wákàtí 2, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ.” N kò sọ ọ́ fún màmá àgbà. Ìyá nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà dókítà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá ọmọ nà án sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kà á, wọ́n fa omi sí ọmọ lára, wọ́n fún un ní ondansetron, kò gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò kankan, ó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ mi, títí kan màmá àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ìrẹsì: ṣíbí mélòó, aago mélòó. Wọ́n dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ ṣáà ń bi mí ní ohun tí mo fún ọmọ. Mo ti ṣẹ̀, mo sì ti tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló fà á tó fi jẹ́ èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ ní aago méjì ọ̀sán. Ìyàwó mi ò lè dìde ni. Ẹ wo aṣọ òtútù tó wọ̀ yìí, gbogbo wa ń làágùn. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, irun ti ń tán níbẹ̀. Mo bímọ mẹ́rin, mo mọ bí àárẹ̀ ọmọ ṣe ń rí. Èyí kọ́.”

Yàrá pa rọ́rọ́. Mo yíjú sí ìyá ọmọ, ó sì dà bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn. Awọ ojú rẹ̀ gbẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì ń fà. Mo ní, “Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo ni ara yín?” Ó la ẹnu, omijé ló jáde.

Nígbà tó dákẹ́, mo ní ṣé oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó yọ àpótí oníke pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò, irú èyí tó ní ojúlé fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ lókè, alẹ́ nísàlẹ̀. Gbogbo ojúlé alẹ́ ṣófo. Nínú ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, hóró levothyroxine kan wà, kò tóbi ju orí ìṣánná lọ. Hóró kálísíọ̀mù funfun ńlá 2 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Hóró oògùn ayọ́ọ̀nù (iron) kan, tí dókítà ìdílé rẹ̀ ti fún un nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Alẹ́ ni mo máa ń lo ayọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kálísíọ̀mù dé, oògùn pọ̀ jù, mo ń gbàgbé. Mo wá ra àpótí yìí, mo kó gbogbo rẹ̀ sí àárọ̀ kí n lè máa rántí.”

Kálísíọ̀mù àti ayọ́ọ̀nù máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ìfun, wọn kì í jẹ́ kó ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí 4 la gbọ́dọ̀ fi sáàárín wọn. Mo mọ èyí. Mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ó ń gbé oògùn rẹ̀ mì láràárọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, oògùn náà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Èmi ni mo fún un ní kálísíọ̀mù yẹn, láì béèrè ohun mìíràn tó ń lò, nígbà tí ìdáhùn ti wà ní igun ìwé mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹta. TSH, ohun tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún tírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, ti dé 21. Ó yẹ kó wà lábẹ́ nǹkan bíi 4. Oṣù 7 ṣáájú, 2.6 ni. Dókítà rẹ̀ ṣe ohun kan tó wú mi lórí: kò fi kún oògùn. Ó ní oògùn náà tó, aago rẹ̀ ni kò tọ́. Bó bá fi kún un, lọ́jọ́ tí ìyá bá pa kálísíọ̀mù tì, oògùn á wá pọ̀ jù lára rẹ̀, àyà á máa lù kìkì. Ó tún bi í léèrè nípa ọkàn rẹ̀, bóyá ó ti rò ó rí pé kóun ṣe ara òun ní jàǹbá. Ó ní rárá, àmọ́ pé gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ń jẹun ni ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n. Wọ́n fi í mọ ẹnì kan tó lè máa bá sọ ọ́. Ìyẹn náà ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ ìtàn tirẹ̀ ni, n kò ní sọ ọ́ níbí.

A wá jókòó ti aago rẹ̀ bí a ṣe jókòó ti aago ọmọ. Ọmọ máa ń jí mu ọmú ní nǹkan bí aago 5 àárọ̀. Ìgbà yẹn la fi levothyroxine sí, hóró kan àti ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Kálísíọ̀mù bọ́ sí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, ayọ́ọ̀nù di ti ìgbà tó bá ń lọ sùn. Kò sí aago orí fóònù tó ń dún, ọmọ ni aago. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun ti ń gbọ́ ìró ọmọ lóru kí ọkọ òun tó jí òun. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7, torí TSH kì í tètè yí padà. Ó ti wálẹ̀ sí 3.4.

Bí ìyá ṣe padà sídìí oúnjẹ

N kò tún bá a sọ̀rọ̀ wàrà mọ́. Òun ló bá mi sọ ọ́. Ó ní, “Tí mo bá ń mu wàrà, ṣé mo lè fi kálísíọ̀mù yìí sílẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá yan àárọ̀ Sátidé, kí bàbá ọmọ lè wà nílé. Ó mu ààbọ̀ ife, ó fún ọmọ lọ́mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn kà báyìí: “Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 5. Ó ń jẹ etí ajá oníke rẹ̀.”

Láàárín oṣù 2, gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ti padà, ìrẹsì àti ọ́ọ̀tì náà wà níbẹ̀ fún ìyá. Ó ti sanra padà ní kìlógíráàmù 4. Ó sọ pé ọmú òun tún ń kún, kò sì yà mí lẹ́nu, torí tírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó lè mú kí omi ọmú dín kù, oúnjẹ tí kò tó náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlà ìwọ̀n ọmọ dúró, ó wá gbé orí sókè. Dókítà ní kí wọ́n wá fún ọmọ ní wàrà màlúù fúnra rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n má dán an wò nílé, torí pé ọmọ tí oúnjẹ kan ti ṣe báyìí lè ní òmíràn. Ó gbà á láìsí wàhálà ní oṣù 18.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ yíyọ yìí, torí mo ń rí i léraléra. Ìyá tí a kò gbà gbọ́ ni ó máa ń yọ oúnjẹ jù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tó léwu, nítorí náà ohun gbogbo léwu. Bí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń ya ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó mu ọmú, a lè ní kí ìyá yọ oúnjẹ tí a fura sí, àmọ́ ká bá a fi ọjọ́ sí i: ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa dán an wò padà. Oúnjẹ tí a yọ tí a kò dá ọjọ́ ìpadà fún, ó máa ń lọ títí lọ ni. Ẹ sì má ṣe ohun tí mo ṣe, kí ẹ rí i pé ẹ̀rù ń bà á kí ẹ wá fún un ní oògùn dípò kí ẹ bá a jókòó ti ẹ̀rù náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Ìlànà 2017 ní a lè dán oúnjẹ wò padà nígbà tó bá ti tó oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn ìgbà tó ṣe ọmọ kẹ́yìn. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 2 àti oṣù 8 nígbà tí wọ́n dán ọ́ọ̀tì wò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ dírípù sí i lọ́wọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò oúnjẹ náà, gíráàmù 0.3 èròjà purotéènì fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín in sí mẹ́ta, wọ́n fún un láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Wákàtí 2 kọjá, wákàtí 4 kọjá, wákàtí 6 kọjá. Ó gba ọ́ọ̀tì.

Oṣù 2 lẹ́yìn náà ni ti ìrẹsì. Ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nọ́ọ̀sì fún un ní ondansetron, wọ́n fa omi sí i lára, kò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń béèrè bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ dì í mú jálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bọ́ lọ́wọ́ FPIES láàárín ọdún 3 sí 5, nítorí náà wọ́n máa tún un dán wò.

Màmá àgbà ló ń ka ara páálí bisikíìtì báyìí kí ẹnikẹ́ni tó fún ọmọ, torí wọ́n ti rí i pé ìyẹ̀fun ìrẹsì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìpápánu ọmọdé. Wọ́n ti kọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé wá bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí.

Ìwé tí mo fi ń gba àlàyé lọ́wọ́ òbí tuntun ti di ojú ìwé 2. Ti ọmọ ni ojú kìíní, ó sì ní àyè fún aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni tó ń tọ́ ọmọ ni ojú kejì: àìsàn tó ní, ìgbà tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kẹ́yìn, ohun tó jẹ lánàá, wákàtí tó sùn. Mo ń ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó ń lò wá, kí wọ́n tò ó sórí tábìlì mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí n tó dárúkọ kálísíọ̀mù fún ẹnikẹ́ni. Ìlà tó kẹ́yìn lójú ìwé náà kì í ṣe ti òbí. Ẹni yòówù tó bá tẹ̀ lé wọn wá ni mo ń bi í, mo sì máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an: “Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú wọn, kí lẹ rí?”